Kọ̀ǹpútà Tó Kú ní Ìpọ̀nrí

Òórùn ìbọ̀sẹ̀ ni mo fi máa ń rántí iṣẹ́ tí mo kọ́kọ́ ṣe lẹ́yìn tí mo jáde yunifásítì. Ilé-iṣẹ́ kan ní Yábàá ló gbà mí, wọ́n ń ta kọ̀ǹpútà, wọ́n sì ń kọ́ ènìyàn bí a ṣe ń lò ó, nígbà tí kọ̀ǹpútà ṣì jẹ́ àlejò pàtàkì nílùú. Gbogbo ẹni tó bá fẹ́ wọlé gbọ́dọ̀ bọ́ bàtà sẹ́nu ọ̀nà, nítorí wọ́n ní eruku ló ń kó àìsàn bá ẹ̀rọ náà. Ẹ̀rọ amúlétutù ń fẹ́ sí àwọn kọ̀ǹpútà lára, aṣọ léèsì funfun la fi ń bò wọ́n, àwa tí a ń tọ́jú wọn sì ń jẹ ẹ̀wà nínú ooru lẹ́yìn ilé, pẹ̀lú táì lọ́rùn. Èmi ní oyè sáyẹ́ǹsì. Ohun tí mo sì ń fi ṣe ni pé mò ń nu eruku, mo sì ń gbọ́ fóònù.

Ọ̀kan nínú àwọn tó rà lọ́wọ́ wa ni máníjà ilé-iṣẹ́ kan ní Ìpọ̀nrí tó ń kó àwo àti ìkòkò wọlé láti òkè òkun. Èmi ni mo lọ gbé e kalẹ̀ fún un. Ọkùnrin náà fẹ́ràn kó máa ti nǹkan. Àgádágodo wà lára fóònù rẹ̀, kí àwọn òṣìṣẹ́ má baà fi pe ẹbí wọn. Ó wà lára fíríìjì. Ilé ìgbọ̀nsẹ̀ pàápàá, ẹni tó bá fẹ́ lò ó á kọ́kọ́ lọ tọrọ kọ́kọ́rọ́ lọ́wọ́ rẹ̀, gbogbo ọ́fíìsì á sì mọ ohun tó ń ṣe onítọ̀hún. Bó bá ń bọ̀, ìdì kọ́kọ́rọ́ tó so mọ́ bẹ́líìtì rẹ̀ ló máa ń kọ́kọ́ dún woroworo. Akọ̀wé rẹ̀, obìnrin kan tí yóò máa lo kọ̀ǹpútà náà, ti kẹ́kọ̀ọ́ lọ́dọ̀ wa. Ìwáyà ló ń gbé pẹ̀lú ìyá rẹ̀ tó ń yan ẹja. Iṣẹ́ ọ́fíìsì yẹn ni wọ́n fi ń yangàn ládùúgbò.

Láàárọ̀ ọjọ́ Mọ́ńdè kan, fóònù wa dún.

"Ọ̀gbẹ́ni, kọ̀ǹpútà yín ti kú!" Máníjà náà ni. "Ọmọ tí ẹ kọ́ yìí ti tẹ̀ ẹ́ pa."

"Ẹ káàárọ̀, sà. Ṣé ó tanná?"

"Ó tanná, ó ń wò wá báyìí. Ṣùgbọ́n bọ́tìnnì tá a bá tẹ̀, kì í dáhùn."

Mo gbọ́ ohùn akọ̀wé náà lẹ́yìn rẹ̀. "Ọ̀gá, mi ò fọwọ́ kàn án láti Fúráídè."

"Dákẹ́! Ta ló tún ń lò ó, ṣé èmi ni?" Ó padà sórí fóònù. "Tí nǹkan yìí ò bá dìde títí ọ̀sán, kó kó ẹrù ẹ̀ kó máa lọ sílé."

Ọkàn mi balẹ̀ nígbà tí mo gbọ́ bẹ́ẹ̀. Mo rò pé tí mo bá ti jí kọ̀ǹpútà yẹn dìde, obìnrin náà ti bọ́ nìyẹn. Mo ní kí máníjà wo wáyà kíbọ́ọ̀dù lẹ́yìn ẹ̀rọ.

"Ẹ bá mi wo wáyà ẹ̀yìn yẹn!" ló pariwo mọ́ àwọn òṣìṣẹ́. "Òun ni mo ń fura sí láti àárọ̀."

Mo ní kó pa á, kó tún tàn án. "Ẹ pa á!" ló wí. "Ẹ jẹ́ kó mí díẹ̀. Ìlànà ẹ̀ nìyẹn." Bí ọ̀rọ̀ ṣe ń jáde lẹ́nu mi ló ń di tiẹ̀. Ẹnì kan bẹ̀rẹ̀ àdúrà lábẹ́lẹ̀, máníjà sì ní kó gbé ohùn sókè díẹ̀.

Ìgbà tí gbogbo rẹ̀ kò ṣiṣẹ́ ni mo rántí. Kọ̀ǹpútà ayé ìgbà yẹn máa ń ní ojú kọ́kọ́rọ́ kékeré níwájú. Tí o bá tì í, á tanná dáadáa, ṣùgbọ́n kò ní gba ohunkóhun tí o bá tẹ̀. Àwa kì í lo kọ́kọ́rọ́ náà, inú dúrọ́ọ̀ là ń jù ú sí.

"Sà," mo ní, "ojú kọ́kọ́rọ́ kékeré kan wà níwájú rẹ̀. Ṣé ẹnì kankan ti í?"

Èyí nìkan ni kò tún sọ jáde fún wọn. Mo gbọ́ woroworo, mo gbọ́ kín-ín bí ìgbà tí ènìyàn ṣẹ́ èékánná, lẹ́yìn náà ni ariwo sọ: "Ó ti ń kọ̀wé o! Ọlọ́run tóbi!" Wọ́n pàtẹ́wọ́.

"Ẹ̀yin lẹ tì í lọ́jọ́ Fúráídè, àbí, sà?"

Ó rẹ ohùn sílẹ̀. "Mo máa ń ti nǹkan mi tí mo bá ń lọ sílé. Ṣé ẹ̀ṣẹ̀ ni?"

"Rárá, sà. Ẹ ṣáà sọ fún wọn pé akọ̀wé yín kọ́ ló bà á jẹ́."

"Ìyẹn ò kàn ẹ́." Ó gbé ohùn sókè fún àwọn tó kù: "Ẹ rí i? Ohun tó bàjẹ́ ni mo tún ṣe yẹn!" Ó sì gbé fóònù kalẹ̀.

Àṣìrò ni mo rò. Nígbà tí ẹ̀rọ náà ṣì jẹ́ òkú, àǹfààní ṣì wà pé òun fúnra rẹ̀ ló kú. Nígbà tó ti jí, tí ọ̀gá sì ti di oníṣègùn rẹ̀, ó di dandan kí ẹnì kan jẹ́ ẹni tó pa á.

Lọ́sàn-án ọjọ́ náà, akọ̀wé yẹn dúró lẹ́nu ọ̀nà wa ní Yábàá, ó bọ́ bàtà rẹ̀ sọ́wọ́. "Ẹ̀gbọ́n, wọ́n ti lé mi. Ẹ bá mi sọ fún wọn, ẹ̀yin lẹ mọ ohun tó ṣe é." A jọ wọ bọ́ọ̀sì lọ sí Ìpọ̀nrí. Mo sọ gbogbo rẹ̀ lójú àwọn òṣìṣẹ́, láti orí wáyà dé orí kọ́kọ́rọ́. Máníjà rẹ́rìn-ín, ó yíjú sí wọn.

"Ṣé ẹ gbọ́ ohùn ọkùnrin yìí níbí láàárọ̀?"

"Ọ̀gá nìkan la gbọ́," ni ọkùnrin tó gbàdúrà wí. Kò purọ́. Etí kan ṣoṣo ni fóònù ní, etí ọ̀gá ló sì wà.

Obìnrin náà kò sunkún. Ó kàn ní kí wọ́n fún òun ní tìmùtìmù òun tó máa ń wà lórí àga. Wọ́n ti tì í mọ́ inú kọ́bọ́ọ̀dù. A jọ dúró níbẹ̀ nígbà tí máníjà ń wá kọ́kọ́rọ́ rẹ̀ nínú ìdì, ọ̀kọ̀ọ̀kan, kò kánjú rárá.

Ọ̀gá tèmi ní kí n má tún bá oníbàárà jà mọ́. Kò pẹ́ tí ṣọ́ọ̀ṣì máníjà náà fi ní kó wá ṣàlàyé kọ̀ǹpútà fún àwọn ọ̀dọ́, èmi ni wọ́n sì ní kí n bá a gbé ẹ̀rọ lọ. Mo jókòó lẹ́yìn, mo ń gbọ́ ọ̀rọ̀ ara mi láti orí pẹpẹ. Mo rí akọ̀wé yẹn lẹ́ẹ̀kan lẹ́yìn náà, ní Ọ̀yìngbò, òun àti ìyá rẹ̀ ń gbé agbọ̀n ẹja sọ̀ kalẹ̀. Ó kí mi dáadáa. Èékánná rẹ̀, tó máa ń gé kúrú nítorí kíbọ́ọ̀dù, ti gùn.

Títí di òní ni àwọn ènìyàn ṣì ń pè mí pé ẹ̀rọ àwọn kú. Kí n tó bi wọ́n bóyá iná wà, mo máa ń ní kí wọ́n gbé fóònù fún ẹni tí wọ́n ń bú nínú yàrá náà. Wọn kì í bi mí pé ẹni wo. Àwọn díẹ̀ máa ń gbé e fún un. Àwọn tó kù á já fóònù mọ́ mi létí, wọ́n á lọ wá ẹlòmíràn tí yóò tún un ṣe, wọ́n sì máa ń rí i.