Fọ́tò Orí Dẹ́kì

"Ẹyọ kan péré ló kù, Mọ́mì." Bí ayafọ́tò ìjọ wa ní Apo ṣe máa ń dá mi lóhùn nìyẹn nígbàkígbà tí mo bá ní kó sọ̀ kalẹ̀ lórí ògiri ọgbà. Ẹ̀yìn ló máa ń fi rìn tó bá ń yafọ́tò, kì í sì í bojú wẹ̀yìn.

Lọ́jọ́ ìkórè, ó gun orí dẹ́kì ilé pásítọ̀, kí gbogbo ìjọ lè wọ inú fọ́tò kan. Ó ń fẹ̀yìn rìn lọ sétí. Mo kígbe pé, "Ọmọ mi, wo ẹsẹ̀ rẹ!" Ó tẹ kámẹ́rà, ó sì já bọ́.

Ní ọsibítù, pẹ̀lú ẹsẹ̀ tó kán, ó ní, "Mọ́mì, fọ́tò yẹn mà dáa o!" Mo wo fọ́tò náà nínú kámẹ́rà. Kò sẹ́ni tó rẹ́rìn-ín nínú rẹ̀. Gbogbo wa la la ẹnu, tá a nawọ́ sókè.

Ó ti gbé e kọ́ sí ṣọ́ọ̀bù rẹ̀ báyìí. Kò tíì yé e pé òun là ń ké sí.