Orúkọ Àǹtí Mi Lẹ́yìn Tèmi

Gbì. Gbì. Gbì. Àǹtí mi ń na ìyẹ̀fun pípò mọ́ tábìlì, wọ́n ń fi ọ̀bẹ gé e, wọ́n ń jù ú sínú páànù lọ́kọ̀ọ̀kan. Oòrùn àárọ̀ ti gba ojú fèrèsé wọlé, eruku ìyẹ̀fun ń fò nínú rẹ̀. Ilé búrẹ́dì yẹn kò jìnnà sí ojú irin ní Agége. Bí rélùwéè bá ń kọjá, gbogbo páànù tó wà lórí pẹpẹ á máa gbọ̀n pọ̀ bí eyín ẹni tí òtútù ń mú. Orí àpò fùláwà ni mo jókòó sí, mò ń jẹ ìdí búrẹ́dì tó jóná díẹ̀.

"Yára jẹ ẹ́ tán," Àǹtí mi wí. "À ń lọ síbì kan."

"Ibo ni, Àǹtí?"

"Ibi tí aṣọ kì í ti í funfun lára ẹni kí ilẹ̀ tó mọ́."

Wọ́n fọ ọwọ́ títí dé ìgúnpá, wọ́n pààrọ̀ ìró, a sì fi ẹsẹ̀ rìn dé ilé ìwé.

Mo ti pé ọmọ ọdún mẹ́wàá nígbà náà. Ọ̀dọ̀ ìyá àgbà ní Ògbómọ̀ṣọ́ ni mo wà títí Àǹtí mi fi wá mú mi. Ẹ̀gbọ́n mi ni wọ́n, wọ́n fi ọdún mẹ́rìnlá jù mí lọ. N kò mọ orúkọ wọn. Oríkì ni ìyá àgbà fi ń pè wọ́n. Àwọn ará ilé búrẹ́dì ń pè wọ́n ní Àǹtí Ọ̀bẹ, nítorí wọ́n ń gé ìyẹ̀fun láìwọ̀n ọ́n, gbogbo rẹ̀ sì máa ń dọ́gba. Àǹtí ni èmi ń pè wọ́n. Ọmọdé kì í pe ẹ̀gbọ́n rẹ̀ lórúkọ, kò sì wá sí mi lọ́kàn láti béèrè.

Ará Èkìtì ni ọ̀gá ilé ìwé. Ó fi òwú so ẹsẹ̀ awò ojú rẹ̀ kan. Ó wò mí látòkè délẹ̀.

"Ọmọ yìí ti dàgbà jù."

"Ọpọlọ rẹ̀ náà ti dàgbà, sà," Àǹtí mi dáhùn.

Ọ̀gá fẹ́ rẹ́rìn-ín, ó pa á mọ́ra. Ó ṣí rẹ́jísítà ńlá kan.

"Kí lorúkọ?"

Àǹtí mi pe orúkọ mi.

"Ìkejì ńkọ́?"

Orúkọ ìdílé ni ọ̀gá ń béèrè. Àǹtí mi wò mí, wọ́n wo ara wọn. Àwa méjì la dúró níwájú tábìlì. Èmi ni àkọ́kọ́, àwọn ni ìkejì. Wọ́n bá pe orúkọ ara wọn, ọ̀gá sì kọ ọ́ sílẹ̀ lẹ́yìn tèmi. Ọjọ́ yẹn ni mo kọ́kọ́ gbọ́ orúkọ Àǹtí mi. Ẹ jọ̀ọ́, n kò ní kọ ọ́ síbí. Bí mo bá kọ ọ́, ẹ ó pè é, n kò sì mọ̀ bóyá ẹ ju Àǹtí mi lọ.

Nígbà tí tíṣà ń pe orúkọ wa ní kíláàsì, àwọn ọmọ bú sẹ́rìn-ín. "Ṣé ìyàwó ẹ nìyẹn?" ni wọ́n ń bi mí. Ohun tó ṣẹlẹ̀ wá yé mi. N kò sọ fún Àǹtí mi. Mò ń dáhùn "prẹ́sẹ́ńtì" láràárọ̀ fún ọdún mẹ́fà.

Ọdún tí mo fẹ́ ṣe ìdánwò àṣejáde, bàbá wa wá kí wa láti Ògbómọ̀ṣọ́. Wọ́n ní kí n ka ìwé èsì mi sókè kí etí àwọn gbọ́ ọ. Mo dìde láàárín yàrá. Mo ka orúkọ mi, mo dákẹ́.

"Ṣé ibẹ̀ ló parí sí?" bàbá béèrè.

"Ó ku ẹyọ ọ̀rọ̀ kan, sà."

"Kà á."

"Mi ò lè pè é, sà."

"O ò mọ̀ ọ́n kà ni?"

"Mo mọ̀ ọ́n kà. Àǹtí jókòó síbí ni."

Àǹtí mi ń ṣa ẹ̀wà. Ọwọ́ wọn dúró nínú atẹ. Ó pẹ́ díẹ̀ kí ó tó yé bàbá.

"Ọmọkùnrin mi ló ń jẹ́ orúkọ obìnrin kiri Agége? Lọ́la, kí wọ́n pa á rẹ́. Orúkọ mi ni kí wọ́n kọ."

"Èmi ni mo bà á jẹ́," Àǹtí mi wí. "Wọ́n bi mí ní ìkejì, mo pe ìkejì."

Ní ọjọ́ kejì, a tún dúró níwájú tábìlì kan náà. Ọ̀gá ṣí rẹ́jísítà.

"Ìsinsìnyí ló ṣeé tún ṣe," ó wí. "Tí ìwé ẹ̀rí bá ti jáde, orúkọ tó bá wà níbẹ̀ á bá a dé sàréè."

"Ẹ pa á rẹ́, sà." Ohùn Àǹtí mi kéré. N kò gbọ́ ọ kí ó kéré bẹ́ẹ̀ rí. "Mi ò dé ilé ìwé rí ni ò jẹ́ kí n mọ̀."

Ọ̀gá gbé bírò. Ó wo ojú mi, ó dúró.

"Ìwọ ńkọ́?"

Mo wo ojú ìwé náà. Àmì pé mo wá pọ̀ níwájú orúkọ méjèèjì.

"Ẹ jẹ́ kó wà níbẹ̀, sà. Àwọn náà ń kàwé."

Ọ̀gá wo Àǹtí mi. Ó fi ìdérí dé bírò rẹ̀.

A dé ojú irin, Àǹtí mi yíjú sí mi.

"Bàbá á nà ẹ́."

"Ẹ ó gbà mí sílẹ̀."

"Mi ò ní gbà ẹ́ sílẹ̀."

Wọ́n gbà mí sílẹ̀.

Mo ṣiṣẹ́ títí ní ibi ìkẹ́rùsí fáktìrì kan ní Orẹ́gún. Mista, pẹ̀lú orúkọ yẹn lẹ́yìn rẹ̀, ni wọ́n ń pè mí láti àárọ̀ títí di ìrọ̀lẹ́. Nígbà tí mo gbéyàwó, Àǹtí mi fi mí ṣe yẹ̀yẹ́. "Ìyàwó ilé ló ń fún ọmọ ọkọ lórúkọ," wọ́n ní. "Ìyàwó tèmi ló gba orúkọ lọ́wọ́ mi." Ìyàwó mi rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú rẹ̀. Ó ti di olóògbé. Orúkọ yẹn ló wà lórí òkúta ibojì rẹ̀.

Àǹtí mi ní ilé búrẹ́dì tiwọn nígbà tó yá. Wọ́n ti fi í fún ọmọ wọn báyìí, ṣùgbọ́n wọ́n ṣì ń lọ fi ìka tẹ ìyẹ̀fun wò láràárọ̀.

Láìpẹ́ yìí, wọ́n bá mi lọ sí báǹkì kan ní Opebi. A jókòó. Ọmọbìnrin tó wà lójú wíńdò pe Mista, ó fi orúkọ ìdílé mi tì í. Kí n tó dìde, Àǹtí mi ti na ọwọ́ sókè.

"Prẹ́sẹ́ńtì."

"Àǹtí, èmi ni wọ́n pè."

"Ìwọ ni àkọ́kọ́," wọ́n ní. "Ìkejì ni wọ́n pè."

Mo dìde. A jọ lọ sí ojú wíńdò. Mo kọ orúkọ méjèèjì sórí ìwé, Àǹtí mi sì na ọrùn wo ibi tí tiwọn wà. Wọn kò mọ̀wé kà, ṣùgbọ́n wọ́n mọ ìrísí rẹ̀. Mo fara balẹ̀ kọ ọ́, kí ó lè gún. Ẹnu mi kò tíì pè é lójú wọn rí. Ọwọ́ ni mo fi ń pè é.