Kílódé Onígbàjámọ̀ àti Iṣẹ́ Abẹ Méjì Lẹ́ẹ̀kan Náà

Kílódé là ń pe onígbàjámọ̀ àdúgbò wa, nítorí ẹni tó bá jókòó sórí àga rẹ̀ kò ní dìde láìdáhùn ìbéèrè. Bó o bá jẹ́ awakọ̀, á bi ọ́ bí bíréèkì ṣe ń dá táyà dúró. Bó o bá ń sin oyin, á fẹ́ mọ ohun tí oyin ń jẹ nígbà òjò. Kì í ṣe tòfófó. Ó kàn máa ń wù ú láti mọ̀ ni.

Nígbà tó di pé kò lè gun àtẹ̀gùn ilé rẹ̀ láìdúró di àyà mú, ìyàwó rẹ̀ fà á lọ sí ọsibítù. Àyẹ̀wò fi hàn pé àwọn iṣan tó ń gbé ẹ̀jẹ̀ lọ sínú ọkàn rẹ̀ ti dí. Bí wọ́n ṣe ń yẹ ara rẹ̀ wò síwájú, wọ́n tún rí i pé iṣan ẹ̀jẹ̀ ńlá tó gba inú ikùn kọjá ti wú, ó sì lè bẹ́ nígbàkigbà.

Dókítà oníṣẹ́ abẹ, obìnrin kan tí kì í kánjú sọ̀rọ̀, pe Kílódé, ìyàwó rẹ̀ àti àkọ́bí wọn obìnrin sí yàrá iṣẹ́ rẹ̀.

"Bàbá, bá a bá tún ọkàn ṣe nìkan, ti ikùn lè bẹ́ kójú ọgbẹ́ tó jiná. Bó bá sì jẹ́ ikùn la kọ́kọ́ ṣe, ọkàn lè má lè gbé e."

"Kí ló dé tẹ́ ò ṣe méjèèjì pọ̀?"

"Ohun tí mo fẹ́ sọ nìyẹn. Àmọ́ ó léwu. Ẹ ti dàgbà, sìgá sì ti ba ẹ̀dọ̀fóró yín jẹ́. Ẹlòmíì kì í jí."

Àkọ́bí fọwọ́ kan èjìká rẹ̀. "Bàámi, ẹ jẹ́ ká lọ rò ó nílé."

Ìbéèrè Kílódé ò tíì tán. "Dókítà, ṣé ẹ máa dá ọkàn náà dúró ni?"

"Rárá, tiyín ò ní lè fara dà á. A máa rán iṣan tuntun mọ́ ọn bó ṣe ń lù. Irin kékeré kan wà tá a fi ń di ojú ibẹ̀ mú kó má mì."

Ó rẹ́rìn-ín músẹ́. "Bí mo ṣe ń di orí ọmọ tí ò jókòó jẹ́ẹ́ mú nìyẹn. Níbo lẹ ti máa rí iṣan tuntun?"

"Nínú ẹsẹ̀ yín. Ti ikùn ní tiẹ̀, ọ̀pá rírọ̀ kan tí wọ́n hun bí aṣọ la máa fi rọ́pò rẹ̀."

Nígbà tí wọ́n délé, ìyàwó rẹ̀ bi í bóyá ẹ̀rù ò bà á.

"Ó ń bà mí. Àmọ́ bí mo bá ti ń béèrè, ó máa ń fúyẹ́ díẹ̀. Àbí èmi náà kọ́ ló ń ṣiṣẹ́ abẹ látọjọ́ yìí? Irun ni tèmi, ẹran ara ni tiwọn."

Ìyàwó rẹ̀ ò fẹ́ rẹ́rìn-ín, ẹ̀rín ṣáà bọ́ lẹ́nu ẹ̀. Ibẹ̀ ni wọ́n ti gbà pé kí dókítà ṣe méjèèjì.

Láti àárọ̀ títí ìrọ̀lẹ́ ni iṣẹ́ náà gbà. Wọ́n kọ́kọ́ tún ọkàn ṣe, wọ́n sì bọ́ sí ikùn nínú oorun abẹ́rẹ́ kan náà. Dókítà jáde wá, ó ní ọkàn ń lù dáadáa, kíndìnrín nìkan ló ń lọ́ra. Ọjọ́ mélòó kan ni ẹ̀rọ fi ń bá a fọ ẹ̀jẹ̀, tí ọ̀pá tó ń bá a mí sì wà lọ́fun rẹ̀, tí kò jẹ́ kó lè sọ̀rọ̀. Ìyàwó rẹ̀ sọ fún mi pé kò sóhun tó já òun láyà tó ìdákẹ́jẹ́ẹ́ yẹn.

Nígbà tí wọ́n yọ ọ̀pá, gbogbo wọn ń retí ìbéèrè. Kò bi wọ́n ní nǹkan kan. Ó di ọwọ́ àkọ́bí rẹ̀ mú, ó sì ń sunkún wẹ́rẹ́wẹ́rẹ́ bí ọmọdé.

Kíndìnrín padà jí. Agbára rẹ̀ ò tíì dà bíi ti tẹ́lẹ̀. Àárọ̀ nìkan ló ń ṣí ṣọ́ọ̀bù, orí àpótí gíga ló sì ń jókòó sí gẹrun. Lọ́sàn-án, òun àti ìyàwó rẹ̀ á rọra rìn dé ìkóríta, wọ́n á sì padà.