Àga Tó Ṣófo ní Igun Castellaw

Ní Wessels Grove, ìlú kékeré kan ní Iowa, ìpínlẹ̀ Amẹ́ríkà tó máa ń kọ́kọ́ yan òǹdíje, wọ́n máa ń sọ pé òǹdíje tó bá fẹ́ mọ̀ bóyá òun máa fìdí rẹmi, kó kàn wádìí bóyá Ardis Tjaden ń ṣe tòun. Merle, ọkọ rẹ̀, ló dá àwàdà náà sílẹ̀, gbogbo ìlú sì gbà á lẹ́nu rẹ̀. Ardis kò bínú sí i. Ó ti wa bọ́ọ̀sì ilé ìwé láti ìgbà tí irun rẹ̀ ṣì pupa títí tó fi funfun, kò sí ilé kan láàárín oko àgbàdo wọ̀nyẹn tí kò mọ ẹnu ọ̀nà rẹ̀, ó sì mọ̀ pé ẹni tó bá ń bá àgbẹ̀ gbé gbọ́dọ̀ lè gba ẹ̀fẹ̀ mọ́ra. Ní gbogbo ọdún mẹ́rin-mẹ́rin, bí ẹgbẹ́ bá fẹ́ yan ẹni tí yóò du ipò ààrẹ, Ardis á mú ẹnì kan tó jọ olóòótọ́ lójú rẹ̀, á máa kan ilẹ̀kùn kiri fún un nínú yìnyín, á sì dúró fún un lálẹ́ ìpàdé wọ́ọ̀dù. Kó tó pẹ́ kó tó jìnnà, onítọ̀hún á ti kó ẹrù rẹ̀ lọ sílé.

Ìdúró ọ̀hún gan-an ni ìbò wọn. Olúkúlùkù á wọ gbọ̀ngàn ilé ìwé, á kọjá lọ sí igun ẹni tó fẹ́, á dúró síbẹ̀ kí wọ́n kà á, lójú aládùúgbò rẹ̀, lójú pásítọ̀ rẹ̀, lójú ẹni tó jọ ń kórè pẹ̀lú rẹ̀. Kò sí ibi téèyàn ń sá pamọ́ sí.

Ní ọdún tí Merle kú, Sẹ́nétọ̀ Nell Castellaw, tó ń du ipò ààrẹ, wá sí Wessels Grove nígbà ẹ̀ẹ̀rùn. Ó jẹ àgbàdo bíbọ̀ àti ẹran ẹlẹ́dẹ̀ nídìí tábìlì Ardis. Nígbà tí àwọn tó tẹ̀ lé e ń ya fọ́tò àká níta, òun mú aṣọ ìnuwọ́, ó ń bá Ardis nu àwo, ó sì bi í pé báwo ni ohùn Merle ṣe rí. Kò tíì sí ẹni tó bi í ní irú ìbéèrè bẹ́ẹ̀. Ardis gbé àwo sílẹ̀. Ó ní, “Èmi á dúró fún ọ.” Ẹyin lohùn, òun náà mọ̀.

Kí yìnyín tó bẹ̀rẹ̀ sí í bọ́, Castellaw ti rẹ̀yìn pátápátá. Gbogbo àárọ̀ ni wọ́n ń jiyàn lórí ọ̀rọ̀ rẹ̀ nílé kọfí Darlene. Lavonne, àbúrò Ardis, ló ń ṣe agbátẹrù Gómìnà Strand, ẹni tó ń léwájú. Dwight Eilers, àgbẹ̀ kan tí Ardis ti gbé lọ sílé ìwé rí nígbà tó wà lọ́mọdé, ló gba iṣẹ́ agbátẹrù Castellaw lọ́wọ́ Ardis nígbà tí orúnkún bẹ̀rẹ̀ sí í yọ ọ́ lẹ́nu.

“Ipò karùn-ún,” ni Lavonne wí, ó fi ìka gbá ìwádìí èrò àwọn olùdìbò tó wà nínú ìwé ìròyìn.

“Karùn-ún nínú mélòó?” ni Dwight béèrè.

“Nínú mẹ́fà. Ẹni kẹfà sì ti lọ sílé lánàá.”

Wọ́n rẹ́rìn-ín. Dwight náà rẹ́rìn-ín, ṣùgbọ́n kò juwọ́ sílẹ̀. “Kò dìgbà tó bá ṣe kìíní. Bó bá ṣe kejì níbí péré, àwọn ìpínlẹ̀ tó kù á gbọ́, wọ́n á yíjú sí i. Lavonne, ọdún tí òjò ò jẹ́ ká tètè gbìn ńkọ́? Àgbàdo ta ló pẹ́ hù? Ta ló sì kórè jù wá lọ?”

“Àgbàdo kì í du ipò ààrẹ, Dwight.”

“Strand náà fi díẹ̀ jọ àgbàdo. Ó ga, ó nàró ṣánṣán, kò sì sọ nǹkan kan.”

Àwọn tó wà nídìí tábìlì kejì pàápàá rẹ́rìn-ín. Ardis nìkan ni kò rẹ́rìn-ín. Ìwé ìròyìn yẹn ló ń wò.

Lavonne tẹ̀ lé e dé ìdí ọkọ̀. “Ọmọ ìyá mi, kò tíì sú ọ? Gbogbo ìgbà lò ń bá wọn sin òkú. Ẹ̀ẹ̀kan ṣoṣo, wá dúró níbi tí wọ́n ti ń yọ̀. Bí a bá ṣe àṣìṣe lọ́dún yìí, ẹgbẹ́ kejì ló máa kó gbogbo rẹ̀ lọ. Strand nìkan ló lè nà wọ́n. Ẹni tó bá dúró fún Nell, afẹ́fẹ́ ló dúró fún.”

Ardis wọnú ọkọ̀, ó wà á lọ. Ṣùgbọ́n nígbà tó délé tí kò bá ẹnì kankan níbẹ̀, ọ̀rọ̀ Lavonne nípa ibi tí wọ́n ti ń yọ̀ yẹn ń dún ní etí rẹ̀. Ó ro gbogbo rẹ̀ lọ, ó rò ó bọ̀. Dwight ní èèyàn. Kí ni ẹsẹ̀ arúgbó kan máa dín nínú wọn? Ó pinnu, kò sì sọ fún Dwight. Ó sọ fún ara rẹ̀ pé òun á sọ fún un tí àwọn bá dé gbọ̀ngàn.

Lálẹ́ ìpàdé wọ́ọ̀dù, nígbà tó dé gbọ̀ngàn, èrò ti kún. Dwight ti gbé àga kan sí igun Castellaw, ó fi tìmùtìmù lé e nítorí orúnkún Ardis. Bó ṣe rí i lẹ́nu ọ̀nà ló na ọwọ́ sókè, ó ń pè é. Ardis wo àga náà. Gbólóhùn tó ti tò sílẹ̀ fún Dwight fò lọ lórí rẹ̀. Ó rìn kọjá lábẹ́ agbọ̀n bọ́ọ̀lù, ó lọ dúró sí ẹ̀gbẹ́ Lavonne.

Gbogbo ojú yí sí i. Ẹni tó ń bọ́ ẹ̀wù òtútù lọ́wọ́ dá apá kan dúró sínú rẹ̀. Ọwọ́ Dwight wà lókè síbẹ̀, bíi pé ó gbàgbé láti sọ ọ́ kalẹ̀. Lavonne fúnra rẹ̀, tó ti ń bẹ̀ ẹ́ láti ìgbà yẹn, ya ẹnu sílẹ̀.

“O wá lóòótọ́?” ló sọ lábẹ́nu.

“Ìwọ lo pè mí.”

Alága ìpàdé, Marlys Ubben, ti ilẹ̀kùn, ó ní kí wọ́n kà. Àádọ́rùn-ún èèyàn ló wà níkàlẹ̀. Igun tí kò bá kó èèyàn mẹ́rìnlá jọ yóò túká. Strand ní púpọ̀. Ọ̀dọ́kùnrin òǹdíje kan láti Chicago náà ní tó. Nígbà tó kan Castellaw, Dwight kà á, ó dúró, ó tún un kà, ó ń fi ọwọ́ kan èjìká wọn lọ́kọ̀ọ̀kan. Nígbà tó dé ìdí àga, kò sí èjìká níbẹ̀.

“Mẹ́tàlá,” ló wí.

Ardis gbọ́ ọ. Mẹ́tàlá. Ó wo ojú wọn. Àwọn náà ń wò ó. Kò sẹ́ni tó bú u, ìyẹn ló sì dùn ún jù. Kó tó mọ̀, ó ti ń rìn lọ.

“Marlys, mò ń kọjá sọ́hùn-ún.”

“O ò lè kọjá, Ardis.”

“Ẹnì kan péré ló kù wọ́n.”

“Igun tó o wà ti pé, wọ́n sì ti kà ọ́ mọ́ ọn. Ẹni tí igun rẹ̀ bá ti pé kì í kúrò níbẹ̀ mọ́.” Ohùn Marlys wálẹ̀. “O mọ òfin yìí. Ìwọ lo kọ́ mi.”

Òótọ́ ni, òun ló kọ́ ọ, nínú gbọ̀ngàn yìí kan náà. Ardis dúró ní àárín ilẹ̀, kò lè lọ, kò lè bọ̀, títí Lavonne fi wá fà á lọ́wọ́ padà. Nínú gbogbo gbọ̀ngàn, kò sí ẹlòmíràn tó lè kúrò láàyè rẹ̀ àyàfi àwọn mẹ́tàlá náà. Àwọn kan wọ ẹ̀wù wọn, wọ́n lọ sílé. Àwọn kan lọ sọ́dọ̀ ọmọ Chicago. Dwight nìkan ló wá sápá ibi tí Strand wà. Ó gbé àga náà dání, tìmùtìmù sì wà lórí rẹ̀. Ó gbé e kalẹ̀ lẹ́yìn Ardis.

“Jókòó, kí orúnkún rẹ tó dá ọ lóró,” ló wí. Ó yíjú sẹ́yìn, ó jáde.

Ní àárọ̀ ọjọ́ kejì, Ardis fẹ́rẹ̀ẹ́ má lọ sílé kọfí. Nígbà tó wọlé, ó bá wọn tí wọ́n kóra jọ sídìí rédíò, Darlene di ìkòkò kọfí mú, kò rọ ọ́ fún ẹnikẹ́ni. Olóòtú ìròyìn ń tún un sọ, bí ẹni tí òun pàápàá kò gbàgbọ́: Castellaw ló gbégbá orókè ní Iowa, pẹ̀lú ìyàtọ̀ díẹ̀ báyìí. Strand ló tẹ̀ lé e. Ní abúlé dé abúlé, àwọn èèyàn tí kò sọ nǹkan kan fún ẹni tó ń ṣe ìwádìí ti jáde láti dúró fún un. Ní Wessels Grove nìkan ní gbogbo agbègbè wọn ni Castellaw kò ti rí aṣojú kan ṣoṣo tó máa dúró fún un nípàdé ẹgbẹ́.

Ẹnì kan pa rédíò. Dwight ń wo inú ife rẹ̀ bí ẹni pé ìròyìn mìíràn wà níbẹ̀. Lavonne yíjú sí ẹ̀gbọ́n rẹ̀.

“Ardis,” ló wí pẹ̀lẹ́, “ẹni tó fìdí rẹmi náà lo tún bá dúró.”

Ẹ̀rín bú jáde lẹ́nu ẹnì kan, ó tún gbé e mì. Bí Merle bá wà níbẹ̀, ì bá rẹ́rìn-ín títí yóò fi dì mọ́ tábìlì. Ardis fúnra rẹ̀ fẹ́ rẹ́rìn-ín, ṣùgbọ́n fóònù ń dún nínú àpò ẹ̀wù rẹ̀, kò sì mọ nọ́ńbà náà.

“Ardis? Nell ni.” Ohùn náà ti há, bí ohùn ẹni tí kò sùn. “Mò ń pe àwọn tó gbà mí sílé kí n tó wọ bàálù. O sọ fún mi nídìí àwo pé wàá dúró. Mo fẹ́ dúpẹ́.”

Gbogbo ilé kọfí ń gbọ́. Ó rọrùn kó dáhùn pé kò tọ́pẹ́. Ardis wo Dwight, Dwight sì mi orí díẹ̀, bí ẹni tó ń sọ pé kó jẹ́ kó lọ bẹ́ẹ̀.

“Mo dúró,” ni Ardis wí, “ṣùgbọ́n ọ̀dọ̀ Strand ni. Wọ́n sọ pé o ò lè wọlé, mo sì gbà wọ́n gbọ́. Ẹnì kan ṣoṣo ló kù ní igun rẹ níbí kó tó pé. Èmi ni ẹni náà.”

Nínú fóònù, Ardis ń gbọ́ ariwo pápákọ̀ òfurufú, ó ń gbọ́ tí ẹnì kan ń sọ pé àkókò ti tó.

“Kò sẹ́ni tó tíì sọ irú rẹ̀ fún mi rí,” ni Castellaw wí níkẹyìn. Kò bínú, kò sì rẹ́rìn-ín. “Ó dàbọ̀, Ardis.”

Ardis gbé fóònù kalẹ̀ sórí tábìlì. Dwight dìde, ó fa àga tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ sẹ́yìn fún un. Darlene bẹ̀rẹ̀ sí í rọ kọfí.