Ìbọn Tí Sàláwù Kò Dán Wò

Àwọn alápatà Oko Ọba mọ Sàláwù sí ẹni tó ń rọ ọ̀bẹ àti àáké. Iwájú ilé ni iṣẹ́ yẹn wà, gbogbo ayé ń rí i. Ẹ̀yìnkùlé ló ti ń rọ ìbọn ṣakabùlà fún àwọn ọdẹ tó ń ṣọ́ àdúgbò, bí bàbá rẹ̀ ti ń ṣe é ní Ògbómọ̀ṣọ́: yóò fi iná sọ irin pẹlẹbẹ di rírọ̀, yóò ká a mọ́ ọ̀pá gbọọrọ, yóò sì lu etí rẹ̀ méjèèjì pọ̀ títí wọn yóò fi di ọ̀kan. Ọkùnrin náà gbéra ga díẹ̀, irọ́ ò sí níbẹ̀. Ó ní àwọn tó ń fi páìpù omi ṣe ìbọn, apààyàn ni gbogbo wọn.

Nílé bàbá rẹ̀, ìbọn kì í kúrò ní àgbẹ̀dẹ láìdán an wò. Wọ́n á dè é mọ́ igi, wọ́n á so okùn mọ́ ibi tí wọ́n ti ń yìn ín, alágbẹ̀dẹ fúnra rẹ̀ ni yóò sì fà á láti òkèèrè. Bí irin bá máa là, kó là lójú ẹni tó rọ ọ́. Bẹ́ẹ̀ náà ni Sàláwù ń ṣe lẹ́yìn ọjà màlúù, títí di ọdún tí ìjọba ológun fagi lé ìbò, tí àwọn sọ́jà wá pàgọ́ sí ìtòsí ibẹ̀. Ta ni yóò máa yìnbọn létí sọ́jà? Àwọn ọdẹ gba àṣẹ ìbọn ní tẹ́ṣàn ọlọ́pàá, ṣùgbọ́n ta ló máa fún ẹni tó ń rọ ìbọn ní àṣẹ? Láti ìgbà náà, òòlù ló fi ń gbá ọ̀pá ìbọn, tí yóò tẹ́tí sí i. Bó bá ti dún bí agogo, ó parí nìyẹn.

Ìbọn tuntun tó rọ kẹ́yìn, Làsísì ló gbé e fún, ọdẹ Dopemu, ọkọ Shukurat ọmọ rẹ̀. Ọjọ́ kejì, bí wọ́n ṣe kírun Àsárì tán, Ádámù alápatà gbé àáké dé.

"Bàbá, ẹ wo iṣẹ́ ọwọ́ yín. Eegun ẹsẹ̀ màlúù lásán ni mo fi ṣá, ó bá là."

Sàláwù gbà á. Ibi tó ti jó irin méjì pọ̀ ti yanu, inú rẹ̀ dúdú. Ó mọ ohun tó fà á. Láti ìgbà tí Sáàpù, ètò ọrọ̀ ajé ìjọba tó mú ìlú le, ti sọ kẹrosíìnì di ohun àwátì, ìdí èédú ni gbogbo ìyàwó ilé sá lọ, àwọn tó ń tà á sì ń wọ́n omi sí i kó lè wúwo. Iná èédú tútù kì í jẹ́ kí irin lẹ̀ mọ́ra dáadáa. Apẹ̀rẹ̀ èédú tó fi rọ àáké yìí náà ló fi rọ ìbọn Làsísì. Ó wá rántí pé nígbà tí òun gbá ọ̀pá ìbọn náà, ohùn rẹ̀ kò já gaara, òun sì sọ fún ara òun pé igbe màlúù ló bò ó mọ́lẹ̀. Kó tó di Màgàríbì, àwọn ọdẹ Dopemu máa ń yin ìbọn kan ṣoṣo sókè, kí olè lè mọ̀ pé wọn ò sùn. Ẹni tó bá ní ìbọn tuntun ni wọ́n máa ń fún láyè.

"Bàbá Shukurat, oúnjẹ ti délẹ̀ o!" Hassanat ìyàwó rẹ̀ pariwo, ṣùgbọ́n ó ti jáde. Àgbà kì í sáré nínú ẹ̀gún lásán. Bí kò bá lé ejò, ejò ń lé e. Sọ́jà kan dá a dúró lójú ọ̀nà.

"Baba, wetin dey pursue you?"

"My pikin, oga. My pikin."

Sọ́jà náà wò ó tìkà-tẹ̀gbin, ó tú àpò rẹ̀ yẹ̀bẹ̀yẹ̀bẹ̀, kò bá nǹkan kan níbẹ̀, ó ní kó máa lọ. Oòrùn ti ń wọ̀.

Gbogbo ọdẹ ló pé jọ nígbà tó dé Dopemu. Ojú tì í. Báwo ni yóò ṣe sọ níwájú àwọn oníbàárà rẹ̀ pé iṣẹ́ òun kò dá òun lójú? Ó fà sún mọ́ Làsísì.

"Gbé e wá, ọmọ mi, mo gbàgbé láti fi epo pa á."

Làsísì rẹ́rìn-ín. "Bàbá, mo ti rọ ẹ̀tù sí i. Tó bá di ọ̀la, ẹ fi epo pa á." Ló bá gbé ìbọn sókè, ó gbé ẹ̀rẹ̀kẹ́ lé e.

"Má yìn ín!" Sàláwù ké. "Mi ò dán an wò! Ó lè là mọ́ ẹ lójú!"

Olúgbénró, olórí ọdẹ, ni kò fi àkókò ṣòfò. Wọ́n de ìbọn náà mọ́ igi máńgòrò, wọ́n so okùn mọ́ ọn, wọ́n sì na okùn náà sí Sàláwù. Ó fà á. Ìró náà ju ti ìbọn lọ. Nígbà tí èéfín ṣí, ọ̀pá ìbọn ti fàya láti ìdí, irin kan sì ti wọnú èèpo igi náà ní ibi tí ojú Làsísì ì bá wà.

"Alihamudulilahi," Sàláwù wí, ó sì bú sẹ́kún níwájú àna rẹ̀.

Olúgbénró kò sunkún. Ìbọn tirẹ̀ ló ń yí wò lọ́wọ́.

"Alágbẹ̀dẹ, tèmi ńkọ́? Ìwọ náà lo rọ ọ́ lọ́dún yìí. Ṣé o dán an wò?"

Sàláwù wo ọwọ́ gbogbo wọn. Kò sí ìbọn kan níbẹ̀ tí kì í ṣe iṣẹ́ rẹ̀.

"Ẹ kó wọn wá," ló wí. "Gbogbo wọn."

Ilẹ̀ ti ń ṣú. Àwọn ọdẹ to ìbọn wọn sílẹ̀ níwájú rẹ̀, wọ́n sì lọ wá kùmọ̀ tí wọn yóò fi ṣọ́ àdúgbò lóru náà.