Nígbà Tí Mo Fẹ́ Kọ́ Bàbá Mi Ní Ọ̀rọ̀ Sísọ

Òórùn obì tútù ló kún yàrá tí bàbá mi dùbúlẹ̀ àìsàn sí. Oníṣòwò obì ni wọ́n ní àdúgbò Ẹ̀pẹ́, ní Ṣàgámù, apẹ̀rẹ̀ obì sì pọ̀ nílé wa ju àga lọ. Àwọn náà ni olórí akọrin ṣọ́ọ̀ṣì wa, ohùn wọn sì máa ń dé ibi tí ẹsẹ̀ wọn kò tíì dé. Àfi bí àrùn rọpárọsẹ̀ ṣe gbé wọn ṣánlẹ̀ láàárọ̀ ọjọ́ kan, nígbà tí àwọn alágbádá ṣẹ̀ṣẹ̀ gbàjọba. Apá ọ̀tún wọn rọ, wọn ò sì lè sọ̀rọ̀ mọ́.

Tíṣà kékeré ni mí ní Ìkẹ́nnẹ́ nígbà náà, mo sì gbà pé kò sí olódo tí mi ò lè kọ́ kó mọ̀wé. Dókítà ní ọ̀rọ̀ lè padà, ó sì lè má padà. Èyí àkọ́kọ́ nìkan ni mo gbọ́. Bí a bá ti jáde ilé ìwé, mo ti gun kẹ̀kẹ́ wálé nìyẹn, màá jókòó tì wọ́n, màá gbé ife omi sókè pé, “Ẹ sọ pé omi.” Ètè wọn á gbọ̀n, òógùn á bò wọ́n, “a-a-a” ni yóò jáde. Èmi á ní díẹ̀díẹ̀ nimú ẹlẹ́dẹ̀ ń wọgbà. Mo ṣèlérí fún àlùfáà pé Bàbá ni yóò dá orin ní ọdún Àjíǹde. Mo gbààwẹ̀, mo sì sọ ọjọ́ tí mo ń retí èsì fún Ọlọ́run, bí ẹni ń fún ọmọ kíláàsì níṣẹ́ àṣetiléwá.

Lọ́jọ́ ìsinmi kan, a gbé wọn lọ sí ṣọ́ọ̀ṣì. Ìjọ dá orin, mo bá gbọ́ ohùn bàbá mi. Wọ́n ń kọrin! Gbogbo ọ̀rọ̀ orin náà ló pé lẹ́nu wọn. Mo fò sókè, ayọ̀ pa mí bí ọtí.

Bí a ti délé, mo kúnlẹ̀ níwájú wọn pé, “Ẹ pe orúkọ mi.” Wọ́n la ẹnu, kò sí nǹkan kan. Mo fi orúkọ náà sínú ohùn orin, mo ní kí wọ́n gbè é. “A-a-a.” Mo tún ní kí wọ́n gbè é. Ni bàbá mi bá kọjú sí ògiri, wọ́n ń sunkún. Mi ò rí ẹkún wọn rí.

Ìyá mi ń bó obì lẹ́nu ọ̀nà. “Tíṣà, ó tó. Orin lèyí tó kù fún bàbá ẹ. Ṣé ùwọ lo fún un ni?”

“Ṣé ká máa wò wọ́n báyìí ni, Ìyá?”

“Mò ń gbàdúrà láràárọ̀. Tí mo bá ti ṣe àmín, mo ti fi lé Ẹlẹ́dàá lọ́wọ́ nìyẹn, mo máa bó obì mi. Kì í ṣe dede nǹkan, kì í ṣe gbogbo ẹ̀, lọwọ́ èèyàn ń tó.”

Inú bí mi. Mo rò pé ó ti juwọ́ sílẹ̀ ni. Mo fẹsẹ̀ rìn, mo ń ti kẹ̀kẹ́ mi lọ lójú ọ̀nà Ìkẹ́nnẹ́, mo ń sunkún, torí mo ti mọ̀ pé ẹni tí ò lè gbé eèrà tó ń kùsà sí erin, ẹ̀tẹ́ ni yóò tẹ́. Ọdún Àjíǹde dé, ẹlòmíràn dá orin, bàbá mi gbè é.

Wọ́n tún lo ọdún mélòó kan sí i. Mo kàn ń wá jókòó tì wọ́n ni, a jọ ń bó obì, ọwọ́ òsì ni wọ́n fi ń bó tiwọn, a jọ ń kọrin. Lọ́jọ́ ọyẹ́ kan, wọ́n di ọwọ́ mi mú, wọ́n wò mí lójú, wọ́n tún la ẹnu. “A-a-a.” Mo ní, “Mo ti gbọ́, Bàbá.” Wọ́n mí kanlẹ̀, wọ́n fi ọwọ́ mi sílẹ̀. Ọ̀sẹ̀ yẹn ni wọ́n papò dà.

Irọ́ ni mo pa, mi ò gbọ́ nǹkan kan. Mo ti ju ọjọ́ orí wọn lọ báyìí, mi ò sì tíì mọ̀ bóyá orúkọ mi ni wọ́n pè, àbí wọ́n ní kí n ti fèrèsé. Mo ti fi í lé Ẹni tó gbọ́ lọ́wọ́. Lọ́jọ́ mìíràn, ìyẹn tó mi. Lọ́jọ́ mìíràn, kò tó.