Ojú Àgbàrá Tí Dúróríkẹ́ Gbẹ́ Sára Pákó

Ìyá Tọ́pẹ́ onítẹ̀wé ni wọ́n ń pe Dúróríkẹ́ ní Ṣakí. Ọkọ rẹ̀, Ògúndèjì, ló fi ẹ̀rọ ìtẹ̀wé tí wọ́n ń fi ọwọ́ tẹ̀ sílẹ̀ fún un nígbà tó kú. Ọdún mẹ́rìndínlógún ló ti ń fi í tẹ ìwé ìpè ìgbéyàwó àti kàlẹ́ńdà ẹgbẹ́. Nígbà tí àwọn oníkọ̀ǹpútà wá pọ̀ nílùú, ó lè jókòó láti àárọ̀ títí ọ̀sán kí ẹnikẹ́ni má yà.

Ní ọdún mẹ́ta sẹ́yìn, Bàbá Ọlámipọ̀sí, tíṣà tó ti fẹ̀yìn tì, ń kó lọ bá ọmọ rẹ̀ nílùú Ìlọrin. Ó gbé páálí ìwé kan wá sí ṣọ́ọ̀bù.

"Ìyá Tọ́pẹ́, ẹ máa fi wọ́n di ẹrù fún àwọn oníbàárà. Kò sẹ́ni tó máa kà wọ́n mọ́."

Dúróríkẹ́ fẹ́ ya ewé àkọ́kọ́ báyìí ló rí àwòrán pákó tí wọ́n gbẹ́ ẹyẹ sí lára. Ọwọ́ rẹ̀ dúró. Ìwé tó sọ bí wọ́n ṣe ń fi pákó tẹ àwòrán ni. Ìwé nípa bí wọ́n ṣe ń ya fíìmù wà lábẹ́ rẹ̀, òmíràn sì wà tó sọ bí wọ́n ṣe ń la ìlú kí ilé, ọ̀nà àti omi má baà dí ara wọn lọ́wọ́.

Ìwé mẹ́fà péré ni Dúróríkẹ́ kà nílé ẹ̀kọ́. Ojú ewé kan lè gbà á ní ọjọ́ méjì pẹ̀lú ìwé atúmọ̀ èdè Gẹ̀ẹ́sì lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Nígbà tó bẹ̀rẹ̀ sí í gbẹ́ àwòrán fúnra rẹ̀, ẹ̀ẹ̀mẹta ni pákó là mọ́ ọn lọ́wọ́ kó tó mọ bí ọ̀bẹ ṣe ń tẹ̀ lé iṣan igi. Ìwé fíìmù ló wú u lórí jù. Ó ní kí èèyàn kọ́kọ́ fi gbogbo àyíká han òǹwòran láti òkèèrè, kó sún mọ́ ilé, kó wá sún mọ́ ẹnì kan ṣoṣo.

Nígbà ẹ̀ẹ̀rùn ọdún tó kọjá, ẹgbẹ́ àdúgbò kéde pé àwọn fẹ́ kọ́ ogún ṣọ́ọ̀bù sí ilẹ̀ gbalasa ẹ̀yìn ọjà. Dúróríkẹ́ ti kà á pé ilẹ̀ tó rẹlẹ̀, tí iyanrìn rẹ̀ tò lọ́wọ̀ọ̀wọ́, ọ̀nà omi ni, bó tilẹ̀ gbẹ. Ìrọ̀lẹ́ mẹ́ta ló fi rìn ín, tó ń ka ìṣísẹ̀, tó ń kọ ọ́ sẹ́yìn kàlẹ́ńdà àtijọ́. Ó wá gbẹ́ pákó mẹ́ta. Àkọ́kọ́ fi àdúgbò hàn bí àṣá ṣe máa rí i lókè. Èkejì fi ilé tó wà létí ilẹ̀ náà hàn, pẹ̀lú ìlà ọ̀nà omi tó gba ẹ̀yìn mọ́ṣáláṣí. Ẹ̀kẹta ni ẹnu ọ̀nà Ìyá Fàtímọ̀, àgbà obìnrin tó ń gbé ibẹ̀, pẹ̀lú ìkòkò omi rẹ̀.

Ó tẹ̀ wọ́n sórí ìwé, ó sì pín wọn nípàdé. Adékúnlé, alága ẹgbẹ́, yẹ̀ wọ́n wò.

"Ìyá Tọ́pẹ́, iṣẹ́ yín dáa. Àmọ́ ìwé òyìnbó lẹ kà yìí. Ẹ̀yin náà mọ̀ pé àgbàrá òjò ò lóun ò nílé wó, onílé ni ò níí gbà fún un. A ó mọ odi."

Ìyá Fàtímọ̀ gbé ìwé tirẹ̀ súnmọ́ ojú.

"Ẹnu ọ̀nà mi rèé." Ó mú ìwé kejì. "Ṣùgbọ́n o ṣì í, Dúróríkẹ́. Omi ò gba ẹ̀yìn mọ́ṣáláṣí. Abẹ́ igi òrí ló gbà lọ́dún tí mo bí Ṣùkúrù. Ó gbé àká àgbàdo mi lọ. Ẹ fún mi ní bírò."

Ìlà tí màmá náà fà gba àárín ibi tí wọ́n ti ri èèkàn ìpìlẹ̀ mọ́lẹ̀ kọjá. Àwọn àgbà méjì bẹ̀rẹ̀ wò ó, wọ́n ní bẹ́ẹ̀ gan-an ni. Adékúnlé ká ìwé náà sápò.

"Ẹ jẹ́ ká lọ wo ibẹ̀," ló wí.

Òkè, létí títì, ni wọ́n wá kọ́ ṣọ́ọ̀bù náà sí. Méjìlá péré ni ibẹ̀ gbà. Inú bí àwọn tí kò rí àyè, méjì nínú wọn kì í sì í kí Dúróríkẹ́ títí di òní. Nígbà tó di oṣù kẹsàn-án, òjò rọ̀ fún ọjọ́ méjì gbáko. Omi gba abẹ́ igi òrí, ó kó gbogbo èèkàn lọ, kò wọ ilé ẹnikẹ́ni.

Ojú ṣì ń ti Dúróríkẹ́ nítorí ìlà tó ṣì gbẹ́, ó sì ti gbẹ́ pákó mìíràn. Lọ́sẹ̀ tó kọjá, àwọn ará Kìṣí ránṣẹ́ pé kó wá ya àdúgbò tiwọn.

"Màá wá," ló sọ lórí fóònù. "Àmọ́ ẹ bá mi wá àwọn ìyá àgbà jókòó ná."